Bí bàbá kan ṣe kọ́ mi ní orúkọ Portlaoise

Ẹ̀yin ará, mo ti ń ka ìrírí yín lórí pípe orúkọ ìlú àjèjì láti àná. Èmi náà ní ti Portlaoise, ìlú kan ní Ireland, láti sọ.

Ọdún 2009 ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Dublin, mo sọ fún awakọ̀ pé "Pọ́ọ̀tì-Laóísì" ni mò ń lọ. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Pọ́ọ̀tì-Líìṣì." Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n ní odi Laois, ìyẹn àgbègbè tí ìlú náà wà, ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè àwọn baba ńlá àwọn.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, bàbá ò lọ sílé. Òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn àwọn ilé ìtajà, wọ́n fi ògiri kan hàn mí: òkúta aláwọ̀ eérú, koríko wẹ́wẹ́ ti hù láàárín wọn, omi ń sun lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ọtí tàbí búrẹ́dì ẹ máa kọjá rẹ̀ láìwò ó. Odi yẹn ni. Ní 1548 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ́n sórí ilẹ̀ ìdílé Ó Mórdha, kí wọ́n lè fi tẹ àwọn onílẹ̀ lórí ba. Nígbà tó di 1557, wọ́n fi orúkọ Mary, ọbabìnrin wọn, sọ ibẹ̀: Maryborough. Gbogbo àgbègbè Laois sì di Queen's County. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò? Ní 1570 Ọbabìnrin Elizabeth fún un níwèé àṣẹ. Ọdún 1929 ni ìlú tó padà di Portlaoise. Bàbá ní títí tí ìyá àwọn fi kú, Maryborough ló ń pè é.

(Àwọn ará Ireland míì, ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ìlú yìí, nítorí pé ní 1974 ẹlẹ́wọ̀n 19 tó jẹ́ ọmọ IRA, ẹgbẹ́ tó ń fi ohun ìjà bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà, fi bọ́ǹbù la ọ̀nà jáde níbẹ̀. Ó dùn mí pé ìyẹn ló gbajúmọ̀ jù.)

Bàbá wá bi mí bóyá ibi kan náà ni èmi àti Rotimi ti wá. Ẹ rántí pé ní 2007 ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Odàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, di méyọ̀ Portlaoise, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní Ireland. Ní 2000 ló dé ibẹ̀, ó ń wá ibi ààbò. Ní 2004 ni wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú.

Orí mi wú. Ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe pe orúkọ náà kò tọ̀nà. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá: Rótìmí. Ẹ gbé e sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún gbé e sókè." Wọ́n bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹni tó dúró tì mí ni.

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú òjò yẹn, ọwọ́ wọn kò kúrò lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i.