Iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni mò ń ṣe láti Ifẹ̀, àmọ́ n kò tíì rí Ifẹ̀

Àjàní Sùúrùlérè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti orí láptọ́ọ̀pù, èmi ni mo ń dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn. Nígbà tí iṣẹ́ náà kò so mí mọ́ ojú kan, mo ní kí n sá fún ariwo Èkó fún ìgbà díẹ̀, kí n wá gbé ní Ilé-Ifẹ̀, kí n fojú ara mi rí ohun tí à ń gbọ́ nínú ìtàn. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo dé sí.

Agogo méjì ọ̀sán ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ó di mẹ́wàá alẹ́ kí n tó pa á dé. Oorun kì í wá bọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, màá kàn máa tẹ fóònù ni. Tí n bá fi máa jí, oòrùn ti mú. Kí n wẹ̀, kí n jẹun, kí n wá ibi tí màá ti rí iná, iṣẹ́ ti dé. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tí kò jìnnà sí wa, n kò tíì débẹ̀!

Èkejì, àwọn ará ilé rò pé mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ ọjà, èmi ni yóò bá a lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ lọ ata, èmi náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ń pín ọjọ́ yín?

Ọmọ Ìrẹ̀mọ:
Ẹ káàbọ̀ sílé o, ẹ̀gbọ́n. Àwa tí à ń wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ ló yẹ kó ráhùn, kì í ṣe ẹ̀yin. Gbogbo òwúrọ̀ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ń fi sùn. Ẹ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Ènúwá, kí ẹ má sì ṣe é bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 ni wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ. Ìtòsí ààfin ni agbo ilé náà, ọ̀kan nínú àwọn orí ọ̀hún sì wà ní London títí dòní (ẹ jẹ́ kí n má bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ yẹn níbí). Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Ẹ bi ẹni mẹ́ta ohun tí wọ́n fi ìṣó irin ara rẹ̀ ṣe, ẹ ó gbọ́ ìtàn mẹ́ta.

Ìyá Tòmíwá:
Ọmọ mi, wọn ò ṣìkà sí ẹ. Ẹni tí wọ́n bá rí nílé lọ́sàn-án, lójú tiwọn, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún àǹtí ẹ láàárọ̀, kí o ṣàlàyé pé tí o bá ti tilẹ̀kùn lágogo méjì, ibi iṣẹ́ lo wà yẹn, kò yàtọ̀ sí ẹni tó lọ sí báńkì. Àmọ́ má kọ ọjà fún wọn o. Bá wọn lọ sí Odò-Ògbè ní kùtùkùtù. Ìyẹn náà ìgbafẹ́ ni, ohun tí o máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà, kò sí ní mùsíọ́ọ̀mù kankan.

Kóòdù Lójúmọ́:
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, iná ló ń jẹ àkókò ọkùnrin yìí. Bọ̀ọ̀dá, nígbàkigbà tí wọ́n bá ti mú iná dé, kódà kó jẹ́ òru, ki gbogbo nǹkan tó ń gba iná bọ̀ ọ́. Ra bátìrì kékeré fún ráútà (ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sórí láptọ́ọ̀pù ẹ), kí o sì ní síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Má gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀, oníbàárà ẹ ní Amẹ́ríkà á máa gbọ́ ọ.

Nǹkan kan tún wà. Tó bá jẹ́ aago New York lò ń tẹ̀lé, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n máa dá aago wọn padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ ẹ á di agogo mẹ́ta ọ̀sán sí mọ́kànlá alẹ́, títí di oṣù kẹta. Tí o ò bá tíì tún oorun ẹ ṣe kó tó dìgbà yẹn, o gbé.

Àlàbí Mòdákẹ́kẹ́:
Èmi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn Ọmọ Ìrẹ̀mọ. Ẹni tó fi gbogbo àárọ̀ rìn nínú oòrùn, báwo ló ṣe fẹ́ gba ìbínú òyìnbó di alẹ́? Fi àárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ àti oorun. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ inú ọgbà OAU. 1967 ni yunifásítì náà kó wá síbí láti Ìbàdàn. Wo bí òkè àwọn ilé kan ṣe fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tí òkè ń ṣíji bo ìsàlẹ̀. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán wọn. Sátidé mìíràn, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tàbí omi Olúmirìn ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ:
Àlàbí, Sátidé tí gbogbo ìgbéyàwó àti ìsìnkú bọ́ sí? O fẹ́ kó há sójú títì ni. Ẹ̀gbọ́n, ìgbà kan ṣoṣo tí màá ní kí ẹ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni ọdún Ọlọ́jọ́. Ẹ ò lè máa dá oníbàárà lóhùn lọ́jọ́ tí Ọọ̀ni bá gbé Adé Ààre jáde, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún péré ni. Ariwo ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ra yín, ẹ̀yin náà ò sì ní fẹ́ jókòó sílé.

Àjàní Sùúrùlérè:
Ẹ ṣé gan-an. Ìyá Tòmíwá, mo ti bá àǹtí mi sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní “o ò ṣe tètè wí?” Òwúrọ̀ méjì lọ́sẹ̀ ni màá fi jáde, ìyókù fún oorun, kí Àlàbí má bàa bínú. Màá tọrọ àyè Ọlọ́jọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi láti ìsinsìnyí. Kóòdù, bátìrì ráútà wo ni kí n rà?

Kóòdù Lójúmọ́:
Yí ráútà ẹ dojú délẹ̀, wo iye fóòtì (agbára iná tó ń gbà, V ni wọ́n ń kọ sí i) tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ 12, ti 12 ni kí o rà. Má jẹ́ kí wọ́n fi ti 9 tàn ẹ́ o. Mú ráútà náà dání lọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tàn án lójú ẹ kí o tó sanwó.