Ta ni dókítà tó kọ́kọ́ tọ́jú yín, ọmọ ibo sì ni?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Òṣogbo ní 1981, ọkùnrin ará Íńdíà ni dókítà tó gbẹ̀bí fún mi. Gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo ló gbọ́: “Ìyá, níbo ló ń dùn yín?” Bí mo bá ti dáhùn, ojú nọ́ọ̀sì ni yóò máa wò kí ó lè túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà ló yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ńkọ́?

Àlàbí: Ará Filipíìnì ló ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún bàbá mi.

Dókítà Àṣàkẹ́: Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti di dókítà, síbẹ̀ “nọ́ọ̀sì” ni wọ́n ń pè mí. Lóṣù tó kọjá, mo yẹ bàbá àgbà kan wò, mo kọ oògùn fún un, ó ká ìwé náà sí méjì, ó tì í bọ àpò agbádá, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi, ìgbà wo ni dókítà máa dé?” Nọ́ọ̀sì ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń wò.

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ má bínú sí bàbá. Ohun tí ojú rẹ̀ rí láti kékeré ló mọ̀.

Dókítà Àṣàkẹ́: N kò bínú sí wọn, sà. Àmọ́ 1929 ni Agnes Yewande Savage, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó di dókítà òyìnbó, gboyè ní Edinburgh; Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì gba tirẹ̀ ní Dublin ní 1938, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ṣé kò tíì pẹ́ tó?

Ìdòwú: Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2025 ni obìnrin ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà. Àwọn tó kàwé ní Nàìjíríà nìkan ju 10,000 lọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wákàtí márùn-ún ni màmá mi fi jókòó de dókítà kan ṣoṣo níhìn-ín.

Àlàbí: Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ará Íńdíà tó gbẹ̀bí fún Ìyá Ìbejì náà fi ilé sílẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé: Òótọ́ ni. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, àwọn náà kó ẹrù wọn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Dókítà Àṣàkẹ́, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa dúró tì wá?

Dókítà Àṣàkẹ́: Mo ti yege nínú apá kìíní PLAB, ìdánwò tí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè máa ń ṣe kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mà. N kò tíì fi orúkọ sílẹ̀ fún apá kejì.