Ta ló ṣì ń fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín n'Ìbàdàn?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè rí mọ́ínmọ́ín elewé rà? Ọ̀rá ni gbogbo àwọn tó ń tà á ládùúgbò wa ń lò. Òórùn ewé eéran yẹn ni mo ń wá.

— Ìyá kan wà nítòsí ọjà Bódìjà. Igi ewé náà ló fi ń tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ tètè dé ibẹ̀ o, kì í pẹ́ tán.

— Ẹ má ná an jù. Ewé ti wọ́n.

— Mo ti débẹ̀ láàárọ̀ yìí! Bí mo ṣe tú u, ìlà ewé hàn lára ẹ̀ kedere. Mo jẹ méjì lórí ìdúró. Mo ti ní kó bá mi se 30 fún ìkómọ ọmọ àbúrò mi, mo sì ti san ìdajì owó kó lè fi ra ẹ̀wà. Ẹ ṣé gan-an ni.