Cape Verde: báwo lèèyàn ṣe ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn? Ọkọ̀ ojú omi ni àbí bàálù?

Ọmọ Ìpakodò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹni tó bá ti dé Cape Verde rí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi àti ìyàwó mi ti ń kó owó jọ láti ọdún tó kọjá, a fẹ́ lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́wàá lóṣù kejì tó ń bọ̀, ìyàwó mi ní òun ò lọ Dubai, gbogbo ará àdúgbò ló ti lọ Dubai. Wọ́n ní ọmọ ECOWAS ni wọ́n, a ò nílò físà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú wa lọ síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ há sí ni pé erékùṣù 10 ni wọ́n, mo ṣí máàpù lórí fóònù, mo rí i pé wọn ò sún mọ́ra bí mo ṣe rò. Bí mo ṣe tò ó nìyí: ká balẹ̀ sí Praia, ká lọ Fogo lọ wo òkè tó ń yọ iná yẹn, ká kọjá sí Brava, ká wá lọ São Vicente àti Santo Antão, ká parí ẹ̀ sí Sal ká lúwẹ̀ẹ́. Ṣé ó máa ṣeé ṣe? Ṣé ọkọ̀ ojú omi ló dáa ká máa wọ̀ ni àbí bàálù? Èmi ò bẹ̀rù omi, jẹ́tì Ìpakodò ni mo ti ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, àmọ́ ìyàwó mi ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, omi inú báàfù nìkan ló mọ̀ 😂. Tá a bá wá dórí ilẹ̀ ńkọ́, ṣé takisí ni ká máa gbé àbí ká háyà mọ́tò? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, owó yìí ò dùn-ún rí.

Jagunmólú Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, erékùṣù mẹ́fà lọ́jọ́ mẹ́wàá? Ẹ ò fẹ́ lọ sinmi nìyẹn, ẹ fẹ́ lọ ṣe kọ̀ndọ́ ni 😂

Ẹ yọ Brava kúrò ńbẹ̀ kíá. Brava ò ní pápákọ̀ òfurufú tó ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, tí òkun bá ru tí ọkọ̀ ò bá wá, ibẹ̀ lẹ máa wà títí ara òkun á fi balẹ̀, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bẹ̀. Ìlú náà rẹwà o, òdòdó pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó láyè lọ́wọ́ ló ń lọ síbẹ̀.

Àtùkọ̀ Fẹ̀yìntì

Ọmọ Ìpakodò, mo kí ẹ o, aládùúgbò ni wá, Ìbẹ̀ṣẹ́ nilé mi. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti jẹun dàgbà, torí náà fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọkọ̀ tó ò ń wọ̀ lórí ọ̀sà yẹn kò jọ ti ibẹ̀ rárá. Lórí ọ̀sà, bó o bá wo ọ̀tún wàá rí ilẹ̀, bó o bá wo òsì wàá rí ilẹ̀, ìgbì tó bá gbọ̀n yín díẹ̀, ọkọ̀ míì tó sáré kọjá ló dá a sílẹ̀. Cape Verde, àárín Àtìláńtíkì ló wà, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 570 sí etí òkun Sẹ̀nẹ̀gà, kò sí nǹkan kan tó ń dí atẹ́gùn lọ́nà. Atẹ́gùn tó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá yẹn kì í sinmi, láti bí oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹfà ló sì máa ń le jù, oṣù kejì tó o dárúkọ yẹn, àárín gbùngbùn ẹ̀ nìyẹn.

Atẹ́gùn yìí náà làwọn Potogí fi pín àwọn erékùṣù yẹn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó kọjú sí atẹ́gùn ni Barlavento: Santo Antão, São Vicente, Santa Luzia tí ẹnì kankan ò gbé, São Nicolau, Sal, Boa Vista. Àwọn tó fara pamọ́ fún un nísàlẹ̀ ni Sotavento: Maio, Santiago níbi tí Praia wà, Fogo, Brava. Òun ló yẹ kó o fi ṣètò ìrìn ẹ, kì í ṣe iye erékùṣù tó wù ẹ́. Àwọn tó wà lápá kan náà tí wọ́n sún mọ́ra, o lè fi ọkọ̀ ojú omi rìn ín. Tó o bá ti fẹ́ kọjá láti apá kan sí ìkejì, bàálù ni, má bá ara ẹ jiyàn. Ọkọ̀ ojú omi láti Praia lọ Mindelo ní São Vicente lè gba òru mọ́jú, bàálù ò gba wákàtí kan.

Èyí tó dùn ún wọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti Mindelo sí Porto Novo ní Santo Antão. Bíi wákàtí kan ni, ó ń lọ lójoojúmọ́, ó sì máa ń lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ojú omi tó wà láàárín erékùṣù méjèèjì yẹn, òkè wà níbí òkè wà lọ́hùn-ún, gbogbo atẹ́gùn á wá rọ́ gba àárín. Kẹ́ ẹ tó jìnnà sí èbúté Mindelo, wàá rí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó ń pín ọ̀rá kiri fún èrò, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn na ọ̀rá sí ẹ. Ìyá àgbà tó ń lọ tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ á ti gba tiẹ̀, á so gèlè ẹ̀ le, á dijú. Jẹ́ kí ìyàwó ẹ jókòó sáàárín ọkọ̀ nísàlẹ̀, kó má jókòó síwájú, kó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kó má fi ebi wọ̀ ọ́, kó má sì jẹ ẹ̀wà.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CV Interilhas ló ń gbé ọkọ̀ ojú omi láàárín àwọn erékùṣù náà láti 2019. Wo àkókò ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o tún wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ó máa ń yí padà. Ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, má fi sí ìparí ìrìn ẹ láéláé.

Ọmọ Ìpakodò

Ẹ ṣé gan-an bàbá, ẹ̀mí yín á gùn o. Mo ti yọ Brava. Ìyàwó mi ka ibi ọ̀rá yẹn, ó ní bàálù la máa wọ̀ délẹ̀délẹ̀ 😂 Ṣé bàálù tiwọn máa ń lọ déédéé?

Àǹtí Àgbádárìgì

Ẹ bá mi sọ fún un pé Santo Antão ò ní bàálù, kó yáa gba kádàrá lórí wákàtí kan yẹn 😂 ó máa dúpẹ́ tó bá débẹ̀.

Bàálù náà ní tiẹ̀. Ọkọ̀ kékeré onífáànù ni wọ́n ń lò láàárín àwọn erékùṣù, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọyẹ́ wa yìí náà ló ń fẹ́ débẹ̀. Eruku Sàhárà ni, bruma seca làwọn ń pè é, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ó lè bo ojú ọ̀run tí bàálù ò ní lè gbéra fún odidi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá wọ̀, ẹ tètè padà sí erékùṣù tẹ́ ẹ ti máa wọ bàálù wá sílé, kó ku bí ọjọ́ méjì kó tó di ọjọ́ ìrìn. Fogo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ padà sí Praia, ká tó máa sọ ti Mindelo.

Mo lọ kí àǹtí mi tó ń ṣòwò ní Praia, torí náà ti orí ilẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ẹ má háyà mọ́tò ní Santiago. Hiace ni wọ́n ń wọ̀, Hiace kan náà tá a mọ̀ nílé yìí, aluguer ni wọ́n ń pè é. Gáréèjì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sucupira, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ti Assomada àti ti Tarrafal. Kò ní àkókò, tó bá kún ó lọ. Ohun tó máa ya yín lẹ́nu ni pé kò ní dúró sójú kan kó máa pè èrò bíi ti Mile 2 wa, ṣe ló máa gbé yín yí ìlú ká, á gba ibí yìí, á gba ọ̀hún, á tún padà síbi tó ti gbéra, dírẹ́bà á nawọ́ síta fèrèsé á máa ké orúkọ ìlú tó ń lọ, ẹ ó ti rò pé ẹ ti ń lọ, ẹ ṣì wà ní Praia. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ wọ èyí tí èrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú ẹ̀, ẹ má dá wọ èyí tó ṣófo. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ẹ̀ tí òun náà sì fẹ́ máa lọ, ẹ béèrè iye owó kẹ́ ẹ tó jókòó, torí ó lè sọ ọ́ di takisí mọ́ yín lọ́wọ́.

Cidade Velha ò jìnnà sí Praia rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Ọdún 1462 làwọn Potogí tẹ̀ ẹ́ dó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrú pọ̀ kí wọ́n tó kó wọn kọjá òkun, òpó tí wọ́n ń so wọ́n mọ́ láti nà wọ́n ṣì dúró láàárín ìlú títí dòní. Èmi tí wọ́n bí sí Badagry, tó jẹ́ pé láti kékeré la ti ń mú àlejò kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, mo rò pé kò sóhun tó lè bà mí nínú jẹ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà.

Ti Fogo: ẹ má ṣe é ní lílọ-bíbọ̀ ọjọ́ kan. Abúlé tó wà nínú ihò òkè náà, Chã das Caldeiras, mọ́tò èrò ti ibẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí São Filipe, ìlú ńlá Fogo, láàárọ̀ kùtùkùtù, á sì padà gòkè lọ́sàn-án. Ẹni tó bá lọ, ó ti sùn síbẹ̀ nìyẹn, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ san owó takisí ńlá. Ẹ sùn síbẹ̀ jàre. Iná òkè yẹn bo abúlé náà mọ́lẹ̀ ní 2014 wọ 2015, wọ́n padà lọ kọ́lé lé orí òkúta dúdú yẹn, wọ́n ń gbin àjàrà, wọ́n ń pọn wáìnì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun Pico, ṣóńṣó òkè iná náà, mítà 2,829 ni, ẹ gba ọmọ abúlé tó máa mú yín lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ ti máa gbéra. Bíbọ̀ ẹ̀ ló dùn, eérú dúdú ló wà lójú ọ̀nà, ó rọ̀ dé kókósẹ̀, sísáré ni wọ́n ń sáré sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀. Bàtà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ò ní ṣeé wọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ṣọlá Sábó

Ẹ̀yin ẹ ti ń pa Sal tì o, kí ìyàwó ẹni wá máa gun òkè nínú eérú, ṣé ìsinmi nìyẹn? Sal ni òkun tó ṣeé lúwẹ̀ẹ́ wà, Santa Maria, iyanrìn funfun báláú, pápákọ̀ òfurufú ńlá wà níbẹ̀, Hiace ń lọ láti Santa Maria sí Espargos láàárọ̀ láalẹ́, ilẹ̀ náà tẹ́jú, wàhálà ò sí.

Jagunmólú Ẹ̀pẹ́

@Ṣọlá Sábó Sal dáa fún òyìnbó tó ń sá fún òtútù. Ilẹ̀ gbígbẹ ni látòkè délẹ̀, igi ò sí, nǹkan sì wọ́n. Etí òkun tó dáa wà ní Tarrafal ní Santiago níbẹ̀, ẹ ò tún ní san owó bàálù míì.

Ìyá Ìbejì Ògòlóńtò

Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó àti ìwé kún un, torí ọkùnrin kì í rántí 😀. Lóòótọ́ ECOWAS fún wa ní ọjọ́ 90 láìsí físà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí wọ́n má bi yín léèrè. Ẹ tẹ ìwé hòtẹ́ẹ̀lì jáde, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa fi padà, yẹ́lò káàdì tó jẹ́ ojúlówó, kí owó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù tí bátìrì ẹ̀ lè kú. Yúrò ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Owó wọn, escudo, wọ́n so ó mọ́ yúrò ni, yúrò kan jẹ́ escudo 110 àti díẹ̀, kì í gòkè kì í wálẹ̀ (ẹ wo ayé àwọn ẹlòmíì). Lẹ́yìn orílẹ̀-èdè wọn kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ, torí náà ẹ ná an tán tàbí kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ọ̀nà Dakar tàbí Casablanca lẹ máa gbà láti Èkó, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín bàálù méjèèjì.

Ọmọ Ìpakodò

Ẹ ṣeun ẹ̀yin èèyàn mi. Bó ṣe wá rí nìyí: Praia, Fogo ká sùn lókè, ká padà sí Praia, bàálù lọ Mindelo, ọkọ̀ ojú omi lọ Santo Antão, ká padà sí Praia kó ku ọjọ́ méjì ká tó máa bọ̀. Sal di ọdún míì, Ṣọlá má bínú. Ní Santo Antão ṣé Hiace náà ni?

Àtùkọ̀ Fẹ̀yìntì

Hiace náà ni, wọ́n á ti tò sẹ́nu èbúté Porto Novo kí ọkọ̀ tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba títì tuntun etí òkun lọ sí Ribeira Grande lódìkejì erékùṣù náà, ó yá. Ṣùgbọ́n san owó lé e kí dírẹ́bà gba ọ̀nà àtijọ́ orí òkè lọ ní àlọ, òkúta ni wọ́n fi ọwọ́ tò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ó kúrò nínú ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ ó wọ inú kùrukùru àti igi páìnì, ó wá níbì kan tó jẹ́ pé títì nìkan ló wà lórí òkè, ọ̀gbun lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì. Kí ìyàwó ẹ jókòó sáàárín.

Àǹtí Àgbádárìgì

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, tíkẹ́ẹ̀tì Mindelo àti yàrá ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà o. Oṣù kejì ni kánífà wọn sábà máa ń bọ́ sí, gbogbo ọmọ Cape Verde tó wà ní Yúróòpù ló ń rọ́ wálé nígbà yẹn, bàálù á kún, hòtẹ́ẹ̀lì á kún. Ẹ wo ọjọ́ tó bọ́ sí lọ́dún yẹn, kẹ́ ẹ bọ́ sí àárín ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ sá fún un pátápátá.