Ìbéèrè: ṣé kí n fi àwọ̀n wíwọ́ sílẹ̀ kí n lọ ra ìgèrè fún alákàṣà?

Alákàṣà_kékeré:
Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ọkọ̀ wa ò tóbi, àwọ̀n tí ọkọ̀ ń wọ́ lórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun la fi ń pa alákàṣà (èyí kékeré inú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Norway lobster) látọjọ́ yìí. Owó epo dísẹ́ẹ̀lì fẹ́ẹ̀ pa wá báyìí, ẹni tá a jọ ni ọkọ̀ wá ní ká ta àwọ̀n ká fi ra ìgèrè. Ẹ̀rù ń bà mí ni, torí ohun tí ìgèrè ń kó lójúmọ́ ò lè tó ti àwọ̀n láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé owó wà níbẹ̀ àbí ariwo lásán ni?

Bàbá_Okùn:
Àbúrò, má wo kílò, iye tó bá ṣẹ́ kù sápò ni kó o wò. Wọ́n ṣírò ẹ̀ ní Sweden, àwọ̀n ń jẹ bíi lítà 9 epo kó tó kó kílò alákàṣà kan wálé, ìgèrè ò ju bíi lítà 2 lọ. Tìyẹn tiẹ̀ tún kéré o, èyí tó bá tinú ìgèrè jáde, ààyè ló wà, ó tóbi, ẹsẹ̀ ẹ̀ pé, ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń kì sínú ihò tiẹ̀ nínú tíréè kí wọ́n má baà gé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e láti Scotland dé Spain láìkú. Èyí tí àwọ̀n wọ́ ńkọ́? Ẹrẹ̀ àti ẹja ti tẹ̀ ẹ́ pa, ìrù nìkan ni wọ́n ń já tà nínú òmíì.

Ọkọ̀_ò_dúró:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ìyókù fún un náà jọ̀ọ́ 😂 Ìdẹ ńkọ́? Ọwọ́ tó ń fa okùn látàárọ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ kan wọ́ àwọ̀n gba orí ìgèrè mi lóru, 40 ló bá a lọ, kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Ní Scotland yẹn náà, látìgbà tí wọ́n ti fagi lé òfin máìlì 3 ní 1984, tó jẹ́ pé ó ń lé àwọn aláwọ̀n jìnnà sétíkun, ìjà ò tán láàárín wọn. Ìgèrè tó bá sọ nù tún ń pa nǹkan lọ nísàlẹ̀ ni, okùn ẹ̀ sì ń so àbùùbùtán mọ́lẹ̀. Ẹ má pè é ní mímọ́ tónítóní.

Ìyá_Ìgèrè:
Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn ní àtúnṣe. Fi okùn òwú tó ń jẹrà so ilẹ̀kùn ẹ̀, tó bá sọ nù ó máa ṣí fúnra ẹ̀, kó o sì lo okùn tó ń rì láàárín ìgèrè sí ìgèrè, kì í léfòó. Ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà káwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lè bá a jáde. Èyí tó bá ní ẹyin lábẹ́ ikùn, mo máa ń dojú ẹ̀ sókè kí n rí i dáadáa, mo sì dá a padà sómi, ó ń ta pútúpútú lọ. Ta ló ń rójú ṣèyẹn nínú ẹrù tí àwọ̀n tú sílẹ̀? Ọmọ ẹja tó wà níbẹ̀ ti kú kó o tó fọwọ́ kàn án.

Bàbá_Okùn:
Tó ò bá tíì fẹ́ fi àwọ̀n sílẹ̀, fi gírìdì, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n tò bíi àsẹ́, sínú ẹ̀ kó lè darí àwọn ẹja ńlá síbi ihò tí wọ́n máa bá jáde. Ó sàn ju bó ṣe wà lọ, àmọ́ ilẹ̀ ṣì ń fàya.

Alákàṣà_kékeré:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wa ni, ó ní òun ò ní táǹkì tó lè dá wọn sí láàyè, iye tó ń san fún òkú náà ló máa san. Àwọ̀n ò tíì kúrò nílé báyìí, oníbàárà míì ni mò ń wá.