Ẹ̀rọ lathe mi ń gbọ̀n jìgìjìgì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti ń fi lathe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí igi bírí kí a lè fá a, fá igi ọmọ̀ fún àwọn tó ń ṣe gángan. Bí ẹ̀rọ bá rọra ń yí, kò sí wàhálà. Tí mo bá ti fi eré kún un, gbogbo tábìlì á máa gbọ̀n, ara igi á sì rí ṣákiṣàki. Mo yọ igi, mo tan án lófìfo, kò gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo sún ẹnu ṣóńṣó méjèèjì tó ń di igi mú pàdé ara wọn, ti ẹ̀yìn fi bíi mílímítà 2 ga ju ti iwájú lọ! Ṣé kí n fi páànù pẹlẹbẹ há abẹ́ orí ẹ̀rọ tó wà níwájú ni, àbí bíárìn (irin róbótó tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí geere) ló ti bàjẹ́? Iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.