Ilé wa ń rùn lásìkò òjò: kí ni mo lè ṣe láìlo lọ́fíńdà inú agolo?

Ìyálé Kékeré, Ìbàdàn:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 3 ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ léraléra ni òórùn kan ti gba inú ilé wa. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí mo ṣílẹ̀kùn, òun ni máa ń kọ́kọ́ pàdé mi: ó dà bí òórùn aṣọ tí a ká nígbà tí kò tíì gbẹ, ó sì dàpọ̀ mọ́ ti ẹja àti irú tí a ti sè láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn.

Ọmọ wa ní ikọ́ fée, dókítà rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fọ́n lọ́fíńdà inú agolo tàbí kí a sun tùràrí níbi tí ó bá wà. Nítorí náà, alaalẹ́ ni mo máa ń se èèpo ọsàn pọ̀ mọ́ kànáfùrù àti ewé tíì lórí iná. Ilé a máa ta sánsán fún bíi wákàtí kan, lẹ́yìn náà òórùn yẹn a tún padà sí ipò rẹ̀. Mo ti kó káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ àti sí igun yàrá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń gba oorun lójú mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta:

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ilé. Èèpo ọsàn tí ò ń sè dára, n kò ní kí o jáwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn dídùn kì í lé òórùn búburú jáde. Orí rẹ̀ ló máa ń gùn, bí ó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ a tún yọjú. Ohun tó ń rùn gan-an ni kí o wá kàn, kí o sì gbẹ ẹ́.

Lọ wo ẹ̀yìn wọ́dúróòbù rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi ti ògiri ìta pátápátá, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ibi gbà kọjá. Ògiri yẹn máa ń tutù lásìkò òjò, ọ̀rinrin á máa gbára jọ síbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ohun dúdú tín-ín-tìn-tín yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára igi àti lára ògiri. Òun ló ń fún aṣọ ní òórùn tí o ṣàpèjúwe yẹn. Fa wọ́dúróòbù náà kúrò lára ògiri tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí o sì máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí. Fèrèsé ọ̀kan ṣoṣo kì í tó: èyí tó kọjú síra ni kí o ṣí, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kí ó sì gba èkejì jáde. Àárọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dá ló dára jù. Má ṣe sá aṣọ tútù sí pálọ̀ mọ́ bí o bá lè yẹra fún un, nítorí gbogbo omi tó bá kúrò lára aṣọ yẹn, inú ilé rẹ ló ń lọ.

Ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, gbé fóòmù, ìrọ̀rí àti kápẹ́ẹ̀tì jáde. Fi wọ́n sílẹ̀ láti nǹkan bí aago 10 àárọ̀ títí di aago 3 ọ̀sán, kí o sì yí wọn padà láàrin méjì. Kápẹ́ẹ̀tì ní pàtàkì, ilé ìpamọ́ òórùn ni.

Ní ti ẹja, fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ kí o tó sè é, kí o sì fi èèpo ọsàn náà nu pákó tí o gé e sí àti ọwọ́ rẹ. Kíkan inú ọsàn ló ń pa ohun tó ń mú ẹja rùn, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ nìkan kì í fi í ká a. Má da omi ẹja sínú síǹkì rárá, ìta ni kí o dà á sí. Irú ní tirẹ̀, inú ìgò tó ní ọmọrí líle ni kí ó máa gbé.

Èédú tí a kò tíì dáná sí ni àwa máa ń lò fún igun ilé. Ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí ló kún inú rẹ̀, ó sì máa ń fa òórùn mọ́ra. Ṣùgbọ́n má ṣe tan èédú láéláé nínú yàrá tí a tì pa, èéfín rẹ̀ tí imú kò lè gbọ́ máa ń pa ènìyàn lójú oorun.

Lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ìyá mi ni efinrin máa ń wà. Bí a bá ti ń kọjá tí aṣọ wa kan án, gbogbo ẹ̀yìnkùlé á gbọ́. Ìkòkò kan péré tó ọ láti gbìn ín.

Oníṣẹ́ Omi, Ìkòròdú:

Ẹ kú ilé mà. Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Àgbà sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣé balùwẹ̀ kan wà nínú ilé yín tí ẹ kì í sábà lò? Lábẹ́ ihò omi kọ̀ọ̀kan ni páìpù ti máa ń tẹ̀ kọrọdọ, tí omi díẹ̀ á sì dúró síbẹ̀ nígbà gbogbo. Omi yẹn ló ń dí ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́ sọ́kàwéè. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ níbẹ̀, omi náà á gbẹ, òórùn sọ́kàwéè á sì máa gòkè wọlé láìsí ìdíwọ́. Mo ti dé ilé tí wọ́n ti tún ògiri kùn, tí wọ́n sì ti pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, tó sì jẹ́ pé omi ife mélòó kan ni ìṣòro wọn. Ẹ máa da omi ìlàjì garawa sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rin ìrìn àjò, ẹ da ìwọ̀nba òróró ìsebẹ̀ lé e lórí, kò ní jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn fíríìjì. Abọ́ pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ fíríìjì tí omi yìnyín tó ń yọ́ máa ń kán sí. Nígbà tí iná bá lọ fún ìgbà pípẹ́, omi ẹran àti ẹja á tẹ̀ lé e débẹ̀, á sì jẹrà.

Bí ẹ bá rí ibi tí ògiri ti rin, ẹ kíyè sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń ti ilẹ̀ gòkè, omi inú ilẹ̀ ni. Èyí tó ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ páìpù balùwẹ̀ àwọn tó ń gbé lókè yín ló ń jò. Ọ̀dà kò lè wo èyíkéyìí nínú méjèèjì sàn, onílé ni ẹ ó fi tó létí.

Nọ́ọ̀sì, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kó káńfọ̀ yẹn kúrò nílé lónìí. Ọ̀pọ̀ hóró funfun tí wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ káńfọ̀, naphthalene ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá jù lọ àwọn ọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí a kó pamọ́ pẹ̀lú naphthalene, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tuntun, ojú rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè, bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ọmọ ọdún 3 sì lè rò pé súìtì ni, kí ó gbé e mì. Ẹ fọ gbogbo aṣọ tó wà nínú àpótí náà, kí ẹ sì sá a sóòrùn kí ọmọ tó tún wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ nu ohun dúdú ara ògiri, omi àti ọṣẹ tó. Ẹ bo imú yín, kí ọmọ má sì sí nítòsí. Ẹ má ṣe da fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ jíìkì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ló máa ń jáde láti inú àdàlù náà, ẹni tó ní ikọ́ fée kò sì lè fara dà á. Èéfín ohun tí ẹ ń sè náà, ẹ máa kíyè sí bí ọmọ ṣe ń mí. Bí ó bá ń húkọ́, ẹ dá a dúró.

Ìyálé Kékeré, Ìbàdàn:

Ọjọ́ 9 rèé tí mo ti ń ṣe ohun tí ẹ sọ. Mo ti kó káńfọ̀ dànù ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. Balùwẹ̀ àlejò ni òórùn tó le jù ti ń jáde. A kò wẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, ọjọ́ kejì tí mo da omi sí i ni ọkọ mi béèrè pé kí ni mo ṣe. Nígbà tí a fa wọ́dúróòbù, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. A ti nù ún, ó ti gbẹ. Ó ku igun òkè yàrá wa tó ṣì rin. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ fún onílé, ó sì ní òun yóò rán ẹni tí yóò wo páìpù òkè wá ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá Àgbà, èédú náà wà nínú abọ́ ní igun mẹ́rin, ṣé mo ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta:

Rárá, ọmọ mi. Sá a sóòrùn lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí o sì dá a padà sínú abọ́. Nígbà tó bá ti ń rún, fi dáná níta, kí o sì wá òmíràn. Gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti ní í tó o, kí ó má fi kùn ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.